Ìgbà Tí Bàbá Èkó Kó Wa Lọ Ṣeré Létí Òkun

Bàbá Èkó kì í wọ Ìjerò wẹ́rẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà Ìkòrò ni yóò ti máa tẹ fèrè mọ́tò kékeré rẹ̀, irú èyí tí à ń pè ní ìjàpá, tí yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dé iwájú ilé wa, kí àwọn tó ń sá kòkó lẹ́bàá ọ̀nà lè gbójú sókè kí wọ́n rí i pé ọmọ àwọn ti dé. Àbúrò bàbá mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan l'Ékòó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé òun gan-an ni àwọn òyìnbó gbé ìlú lé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ.

Bàbá mi ń ta aṣọ, ó sì ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ilé kéú nìkan ló lọ. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ yìí débi pé ojú máa ń tì mí nítorí rẹ̀. Ohun tí Bàbá Èkó bá ti sọ, abẹ gé e nìyẹn.

Ní ọlidé oṣù kẹjọ, lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó wá jókòó sí pálọ̀ wa, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí tẹ̀ lé mi. A fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan létí òkun."

Bàbá mi ní, "Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"A fẹ́ lọ ṣeré ni. Gbogbo ẹni tójú rẹ̀ là ló ń kó ìdílé rẹ̀ lọ sétí òkun lásìkò ìsinmi."

Bàbá mi ro ó títí. "Eré náà kò ṣe é ṣe nílé?"

Bàbá Èkó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ọmọdé tó béèrè ibi tí oòrùn ń sùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò lè yé yín."

Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí ìyá mi di ẹrù mi.

Kí n sọ bí a ti ń ṣeré nílé kí ẹ lè mọ ohun tí mo bá lọ. Àpáta kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa tí à ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ láti sún wálẹ̀ títí ìdí aṣọ wa yóò fi lu. À ń wa ìrẹ̀ nínú ihò. À ń ta òkòtò. Bí a bá lọ pọnmi, a ó kọ́kọ́ rì sínú odò tán ká tó rántí pé wọ́n ń dúró dè wá nílé. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ọ̀kankan nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá dá sí eré wa, ẹgba ló mú lọ́wọ́ wá.

Ìyàwó Bàbá Èkó ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó ń fi eré ṣe iṣẹ́. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni ní ilé ìwé kan. Ó ní kí n máa pe òun ní Mọ́mì, bẹ́ẹ̀ nílé wa, ìyàwó ni gbogbo àgbà ń pè é. Ó ní fèrè kan, irú ti olùkọ́ tó ń kó ọmọ sáré, ó so ó mọ́ okùn dúdú, ó fi kọ́ ọrùn. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ọmọ méjì ló bí: ọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti obìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà. Òyìnbó ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ Yorùbá, wọ́n á kọ́kọ́ wojú ìyá wọn.

Láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa sọdá ọ̀sà lọ sí ibi tí a dé sí. Ahéré onípákó ni, wọ́n fi imọ̀ bò ó, yàrá méjì ló ní. Owó ni Bàbá Èkó fi gbà á. Ní ọjọ́ kejì ni mo tó mọ ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ gan-an la lọ nínú gbogbo etí òkun tí Ọlọ́run dá. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, òyìnbó tí kò tíì padà sí ìlú wọn, ló wà nínú ahéré kejì pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gá yìí bá gba iwájú wa kọjá, Bàbá Èkó á sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí wa pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ rẹ́rìn-ín!" A ó sì rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀gá bá ti lọ, a ó panu dé.

Mọ́mì ti gé ìwé kan láti inú ìwé ìròyìn òyìnbó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Eré tí ọmọ ń ṣe létí òkun ló wà níbẹ̀, ó sì ti pín wọn sí ọjọ́: ọjọ́ tí a ó fi iyanrìn kọ́lé, ọjọ́ tí a ó fi ẹyin sáré, ọjọ́ tí a ó ri bàbá mọ́ iyanrìn, ọjọ́ tí a ó ṣa ìkarahun. Bó bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, inú wa gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Bó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kó tán.

Lọ́jọ́ tí a fi iyanrìn kọ́lé, ó fún wa ní korobá kékeré, ó ní ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù yóò gba súwíìtì. Mo kọ́ agbo ilé wa. Mo yọ ojúlé mẹ́rin, mo fi igi tín-ín-rín ṣe ààlà ibi tí à ń sá kòkó sí, mo ṣe ilé ìdáná sẹ́yìn, mo tilẹ̀ la ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń gbà wọlé. Ọmọ ọkùnrin náà bi mí pé kí ni mo ń kọ́.

Mo ní, "Ulé wa ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ulé! Mọ́mì, ó ní ulé!" Ó ń tàka sókè, ó ń pariwo ulé káàkiri bí ẹni tó rí ejò olórí méjì.

Mọ́mì wá dúró lé mi lórí. "Ilé là ń pè é, kì í ṣe ulé. Èyí tí o sì kọ́ yìí kọ́ la ní kí ẹ kọ́. Ilé ọba òyìnbó la fẹ́, èyí tó ní ilé ìṣọ́ lókè." Ó fi bàtà rẹ̀ ti ògiri mi wó kí n lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fún ní súwíìtì. Korobá iyanrìn mẹ́ta ló dà sílẹ̀, èyí àárín sì ti ya kó tó gba ẹ̀bùn rẹ̀. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó rí ilé ọba òyìnbó rí. Èmi nìkan ló kọ́ ohun tí mo mọ̀, mi ò sì rí nǹkan kan gbà.

Òkun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èèwọ̀ ni. Bí omi bá kọjá ọrùn ẹsẹ̀ wa, fèrè á dún. A rin ìrìn àjò láti Ìjerò dé etí òkun kí a má baà fọwọ́ kan òkun. Àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́ta yẹn sì wà lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ń bọ́ sínú omi, tí wọ́n ń jáde, tí ìgbì ń gbé wọn ṣubú tí wọ́n ń kígbe ayọ̀. Wọn ò ní fèrè, wọn ò ní ìwé lára ògiri. Ìyá wọn na gbalaja sórí ẹní, ó ń kàwé tirẹ̀. Mo wo Mọ́mì, mo wo obìnrin náà. Ẹni tí Mọ́mì ń fara wé kò tilẹ̀ ṣe ohun tó ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, a fi ẹyin sáré. Ẹyin tí wọn kì í fún ọmọdé jẹ nílé wa kó má baà kọ́ olè jíjà, òun la gbé sórí ṣíbí tí a ń fi sáré kiri nínú iyanrìn. Mẹ́rin fọ́. Ìyá mi ì bá kú bó bá rí i.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń ri bàbá mọ́ iyanrìn. Bàbá Èkó bọ́ ẹ̀wù, ó ku ṣòkòtò péńpé àti awò ojú rẹ̀. Mọ́mì bọ́ aago kúrò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kí iyanrìn má wọ̀ ọ́, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tí a kó búrẹ́dì sí. Mo rí i bó ti ń sọ ọ́ síbẹ̀. Èmi ló ní kí n gbé ìdérí apẹ̀rẹ̀ náà fún òun. Bàbá Èkó wá ibi tí iyanrìn ti tutù, nítòsí omi, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń gbà kọjá bó bá ń rìn láàárọ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òkú. Fèrè dún. A bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn lé e, a fi ṣọ́bìrì tẹ̀ ẹ́ kí ó le, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, títí ó fi ku orí nìkan.

Ọ̀gá kọjá lóòótọ́. Ó dúró, ó sọ gbólóhùn kan, ó rẹ́rìn-ín. Orí Bàbá Èkó dáhùn láti inú ilẹ̀ pé, "Yẹ́sà! Yẹ́sà!" Bẹ́ẹ̀ ni orí yẹn ń mì tìtì, awò ojú ń tàn yanran lára rẹ̀. Ní gbogbo ayé mi, mi ò tíì rí nǹkan tó kéré tó orí yẹn.

Ọ̀gá lọ. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i nínú wa pé omi òkun ti ń kún. Ìgbì àkọ́kọ́ kan ẹsẹ̀ òkìtì náà, a rẹ́rìn-ín. Ìkejì dé àgbọ̀n rẹ̀. Bàbá Èkó ní kí a kúrò kí òun dìde. Kò lè dìde. Iyanrìn tó ti mu omi wúwo bí amọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé. Ìgbì kẹta bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, nígbà tó padà, awò ojú ti bá a lọ, Bàbá Èkó ń pọ iyọ̀ lẹ́nu, ó ń kígbe ní Yorùbá ponbele, Yorùbá Ìjerò tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Kí ni Mọ́mì ṣe? Ó fọn fèrè. Ó dúró sétí omi, ó ń fọn fèrè sí òkun.

Àwọn apẹja kan wà tí wọ́n ń fa àwọ̀n níbi tí kò jìnnà sí wa. Gbogbo òwúrọ̀ la máa ń rí wọn. Mo sáré lọ bá wọn, mo ní, "Ẹ gbà wá o, òkun fẹ́ gbé Bàbá mi!" Bàbá arúgbó kan ló ṣáájú okùn. Ó ju okùn sílẹ̀, ó ké sí ọkùnrin méjì, wọ́n sáré tẹ̀ lé mi. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi gbẹ́ iyanrìn. Ọ̀kan gbá orí Bàbá Èkó mú sókè kí ìgbì má bò ó, àwọn méjì yòókù fà á ní apá. Ó jáde tòun ti ìdajì ṣòkòtò.

Wọ́n gbé e dé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó wúkọ́, ó bì, ó nu ojú. Ọ̀gá rẹ̀ ti gbọ́ ariwo, ó ti padà wá, ó dúró tì wá. Mo rò pé Bàbá Èkó yóò dọ̀bálẹ̀ fún bàbá arúgbó yẹn. Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Aago mi! Aago mi dà? Wọ́n ti jí aago mi!"

Bàbá apẹja ní, "Ọ̀gá, apá yín la fà. A ò rí aago."

"Irọ́ lo ń pa! Olè ni gbogbo yín! Ẹ rò pé mi ò mọ̀ yín?" Ó yí padà, ó fi òyìnbó tún un sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Bàbá arúgbó yẹn wò ó. Lẹ́yìn náà ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta, ó tú aṣọ tó sán mọ́ ìdí, ó gbọ̀n ọ́n lójú gbogbo wa, lójú àwọn ọmọdé, ó sì tún un sán. Ẹni tó lè bí Bàbá Èkó ni. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó kù nídìí àwọ̀n kò ká okùn mọ́. Àwọ̀n ti dẹ̀, ẹja ti ń jáde.

Mo wo Mọ́mì. Ó ti rántí. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yẹ̀ lọ sí ibi tí apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì wà, tó sì yára gbójú kúrò. Bó bá sọ̀rọ̀ nígbà náà, ọkọ rẹ̀ á di aláìmoore lójú ọ̀gá. Ó rí i pé mo ń wo òun. Ó tẹjú mọ́ mi. Mo pa ẹnu mi dé. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ wọn bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, kí ẹ má rò pé mo yọ ara mi sílẹ̀. Àwọn apẹja náà yí padà, wọ́n lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà oúnjẹ, aago ti wà lọ́wọ́ Bàbá Èkó. Kò sẹ́ni tó sọ bó ti dé ibẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ó lọ sọ fún bàbá apẹja pé ẹ ti rí i?"

Ó jẹ òkèlè rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Kí n lọ sọ kí ni? Ta ló sọ fún ẹ pé wọn ò ní jí i ká ní ó wà lọ́wọ́ mi?"

Mọ́mì ní, "Jẹun rẹ."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí fèrè tó dún, mo ti jáde. Ọmọbìnrin kékeré náà jí, ó tẹ̀ lé mi. Mo ní kó padà, kò padà. A bá àwọn apẹja nídìí okùn. Mo kúnlẹ̀ nínú iyanrìn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Aago náà kò sọnù. Inú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ló wà. Mo mọ̀ lánàá, mi ò sọ."

Ó ní, "Ta ló rán ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi."

Ó sọ ọ̀rọ̀ mi fún àwọn tó kù ní èdè wọn. Ọ̀kan pòṣé. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó ní, "Ó dáa. Ìwọ àti àbúrò ẹ, ẹ wá di okùn mú."

A di okùn mú. Ẹnì kan á pe ohùn, gbogbo wa á gbè é, a ó sì fà. Okùn náà ń ta wá lọ́wọ́. Òkun ń fà á lọ́hùn-ún, àwa ń fà á níhìn-ín, omi dé itan wa, kò sẹ́ni tó fọn nǹkan kan. Ọmọ tó máa ń wojú ìyá rẹ̀ kó tó sọ Yorùbá ń gbe ohùn tí kì í ṣe Yorùbá, ó ń kígbe rẹ̀ tagbáratagbára, ó ṣubú, ó dìde, ó tún dì í mú. Nígbà tí àwọ̀n dé òkè, ẹja ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú rẹ̀ bí òjò lórí páànù. Mi ò tíì gbádùn nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá arúgbó fún èmi lẹ́ja kan, ó fún ọmọ kékeré náà ní kan.

Ibẹ̀ ni Mọ́mì bá wa. Ó gbá mi létí, ó já ẹja gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó sọ tèmi náà mọ́lẹ̀. "Èmi kọ́ ni yóò tọ́ ọmọ tí yóò máa bá apẹja ṣe!" Ọmọ kékeré náà bú sẹ́kún, ó ń nàka sí ẹja rẹ̀.

Bàbá arúgbó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹja méjèèjì, ó gbọn iyanrìn orí wọn nù, ó dá wọn padà sínú agbọ̀n. Ó gbé ojú sókè sí Mọ́mì, ó ní, "Ìyáàfin, ẹ kú ìsinmi o." Àwọn tó kù bá okùn wọn lọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo padà sílé. Bàbá Èkó wá awakọ̀ akẹ́rù kan, ará Ọ̀ṣun tó ti pẹ́ tó ti ń gbé Ìjerò, ó fi mí lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà. Àárín àpò iyọ̀ ni mo jókòó sí títí a fi gba Ẹfọ̀n gòkè tí a dé Àrámọkọ̀.

Bàbá mi kò lè ka lẹ́tà náà. Ìwé kéú ló mọ̀. Ó nà án sí mi, ó ní, "Ka ohun tí àbúrò mi wí."

Mo kà á bó ti wà, mi ò yọ kúrò, mi ò fi kún un. Bàbá Èkó kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ pé gbogbo ọmọ gbádùn etí òkun lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó ní ó ṣe ni láàánú pé ọmọ yín kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ó ń bá àwọn oníwàkiwà rìn, ó sì fẹ́ kó ọmọ òun mọ́ra. Ó ní bó bá tún dàgbà díẹ̀ sí i, bóyá ojú rẹ̀ á là.

Nígbà tí mo kà á tán, mo ká a, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan pé mo mọ ibi tí aago wà tí mi ò sọ. Kò dá mi dúró.

Ó ní, "Wọ́n ha kí bàbá yẹn pé ó ṣeun?"

"Wọn ò kí i."

"Ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fún un ní nǹkan?"

"Rárá."

Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ àpò. Ó ní, "Àbúrò mi ni. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Mo mọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe, mo sì mọ̀ pé kò ní ṣe é. Ó mú kẹ́tùrù, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ojú tí mo fi wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń lọ kò yẹ kí ọmọ fi wo bàbá, ṣùgbọ́n mo fi wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ mi yí mi ká níbi tí a ti ń yan àgbàdo. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí l'Ékòó. Mo kàn sọ fún wọn pé omi òkun ní iyọ̀, gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní mo ti bá wọn kọ́ irọ́ bọ̀ láti Èkó.